Mo lọ wo ọsibítù àwọn sọ́jà tí igbó ti gbà ní Beelitz ní Jámánì, ẹ wá bá mi dá sí i

Alárìnká

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sátidé tó kọjá ni mo fi ọjọ́ ìsinmi ṣe ohun tí ìyàwó mi ń pè ní iṣẹ́ aláìníṣẹ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin RE7 ní Berlin, kò sì pé wákàtí kan tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Beelitz-Heilstätten. Ẹ ò ní bá ìlú níbẹ̀. Igbó lẹ ó bá. Bí ẹ bá rìn díẹ̀, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàrin igi, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn tún ni, títí yóò fi yé yín pé ọsibítù tí ẹ wá wò kì í ṣe ilé kan. Ìlú ni. Ó tó 60 ilé lórí nǹkan bí 200 hẹ́kítà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì tiwọn, alápatà tiwọn, ilé ìfọṣọ, ilé ìfìwéránṣẹ́, kódà iná mànàmáná, àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é.

Kí n tó dé ibi tí ìbéèrè mi wà, ẹ gba ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, 1902 ni aláìsàn kọ́kọ́ wọlé. Kò sí ti sọ́jà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá nígbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ Berlin tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ogun 1914 dé, àwọn ológun gbà á. Ogun parí, wọ́n dá a padà fún àwọn oníkọ́. Ogun Hítílà dé, àwọn ológun tún gbà á. Ní 1945 àwọn sọ́jà Sófíẹ́tì wọlé, wọn kò jáde títí di 1994. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọsibítù ológun Sófíẹ́tì kankan tó tóbi tó o lẹ́yìn odi ilẹ̀ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ ni ilé dá ṣófo.

Ilé tó gbà mí lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Alpenhaus. Àwọn obìnrin oníkọ́ ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà kan. Ó jóná nínú ìjà 1945, òrùlé wó, ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe. Igbó wá hù *lórí* ilé. N kò sọ koríko o. Igi ni, igi gbàǹgbà, tó ta gbòǹgbò sínú àjà òkè. Láti 2015 ni wọ́n ti ṣe afárá onírin kan gba òkè orí igi kọjá, ó ga tó nǹkan bí mítà 20, kí èèyàn lè máa wo ilé náà láti òkè láìfẹsẹ̀ kàn án.

Ìbéèrè mi nìyí. Afinimọ̀nà mú wa wọ ilé kan tó ṣì dúró dáadáa. Gbogbo èèyàn ń ya ògiri tó ń bó àti bàlùwẹ̀ tó ti fọ́. Èmi, igun yàrá ni mò ń wò. Kò sí igun! Ibi tí ògiri ti pàdé ògiri, wọ́n rọ ọ́ yípo bí inú igbá. Mo fọwọ́ rá a, ọwọ́ mi ń yọ̀ lọ, kò rí ibi dúró sí. Kí ni wọ́n fi ń ṣe? Nígbà tí n óò fi béèrè, àwọn tó kù ti lọ síwájú. Ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye.

Ewé Ìyeyè

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àlàyé yìí dùn, ṣùgbọ́n ẹ yé fi wá sínú òkùnkùn. Ṣé ẹ rí iwin àbí ẹ ò rí? Aago méjì òru ni mò ń ka èyí, mo ti tan gbogbo iná inú ilé.

Ọmọ Oníròyìn

Ẹ ò tilẹ̀ dárúkọ ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀! Hitler sùn ní ọsibítù yẹn. Ibẹ̀ ni gáàsì ti bà á lójú jẹ́ nígbà ogun àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣẹ́gun Jámánì, tí inú bí i débi pé ó lọ di olóṣèlú. Mo kà á níbì kan.

Sọ́jà Fẹ̀yìntì

Ọmọ Oníròyìn, ọsibítù méjì lo pò pọ̀ bí ẹni po ẹ̀bà mọ́ àmàlà. Oṣù kẹwàá 1916 ni wọ́n gbé e wá sí Beelitz, lẹ́yìn tí àfọ́kù ọta àgbá bà á ní itan òsì lójú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé. Ó wà níbẹ̀ títí wọ oṣù kejìlá. Ti gáàsì àti ti ojú, 1918 nìyẹn, ní Pasewalk, ìlú mìíràn pátápátá lápá àríwá. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ogun parí.

Ó sì ń dùn mí bí àwọn èèyàn ti máa ń sọ ìtàn ibẹ̀. Ó lé ní 12,000 sọ́jà tí wọ́n tọ́jú ní Beelitz láàrin 1914 sí 1918, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì ni gbogbo ayé ń dárúkọ. Mo ti dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ológun rí. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ ni gbogbo ayé rẹ nígbà yẹn. O mọ iye ìgbà tó ń jí lóru, o mọ orúkọ tó ń pè lójú oorun. Kò sí ìwé tó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn ogun níbẹ̀, ẹ gba èyí dípò ti Hitler. Ní ìparí oṣù kẹrin 1945, tí Berlin ti wà nínú ìdótì, ọ̀gágun Walther Wenck àti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kejìlá ilẹ̀ Jámánì jà dé Beelitz. Wọ́n bá nǹkan bí 3,000 sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ nínú ọsibítù náà, wọ́n sì kó wọn jáde lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn kan ṣoṣo sórí àkéte rí láàrin ìbọn á mọ ohun tí 3,000 túmọ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Alárìnká ọmọ mi, ibi tó yẹ kí èèyàn wò lo wò. Eruku ni. Igun ilé ni eruku ń sùn sí, eruku sì ni àwọn dókítà ayé ìgbà yẹn ń sá fún jù. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta 1882 ni Robert Koch dìde ní Berlin yín níbẹ̀, ó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí ló ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rò ó pé bí oníkọ́ bá tutọ́ sílẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà á gbẹ, á di eruku, ẹlòmíràn á fà á símú. Ni wọ́n bá ń kọ́ yàrá tí kò ní kọ̀rọ̀, tí èèyàn lè fi aṣọ tútù nù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì ṣẹ́wọ́. Àwọn aláìsàn a tún máa mú ìgò kékeré aláwọ̀ búlúù kan sápò, inú rẹ̀ ni wọ́n ń tutọ́ sí. Àwọn ará Jámánì fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Heinrich Aláwọ̀ Búlúù.

A ti wá mọ̀ lónìí pé ohun wẹ́wẹ́ tó ń fò jáde lẹ́nu nígbà tí aláìsàn bá wúkọ́ ló léwu, ju eruku ilẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n n kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí fi sọ́kàn ni pé kò sí oògùn. Kò sí rárá! 1943 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí streptomycin, oògùn àkọ́kọ́ tó ń pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn èèyàn yẹn fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ láìní abẹ́rẹ́ kan tàbí kóró kan tó lè pa kòkòrò rẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń fún wọn? Afẹ́fẹ́, oòrùn, oúnjẹ ọlọ́ràá, àti ìsinmi. Wọ́n á tẹ́ aláìsàn sórí àga gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, nínú òtútù pàápàá, wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ẹ̀kọ. Àwọn kan ń yè é. Àwọn kan kò yè é. Ilé yẹn gan-an ni oògùn tí wọ́n ní.

Ewé Ìyeyè

Mà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó gbogbo bọ́tà àti wàrà yẹn? Òṣìṣẹ́ lásán nìyẹn o, kì í ṣe ọmọ ọba.

Oníṣirò

Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni. Ní 1889 Jámánì ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn bá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ mọ́ gbọ́dọ̀ máa gba owó ìtọ́jú, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń dá owó náà sínú àpò. Iléeṣẹ́ adójútòfò ti Berlin ló ń bójú tó àpò náà níbẹ̀, òun náà ló kọ́ Beelitz.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Inú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ Berlin ń fún ara wọn mọ́, bí ikọ́ bá sì mú ẹni ọdún 25, ọdún mélòó ni ẹ ó máa san owó aláìlè-ṣiṣẹ́ fún un? Àwọn oníwèé-owó rí i pé kí a tọ́jú rẹ̀ kó padà síbi iṣẹ́ dín ìnáwó kù. N kò sọ pé kò sí àánú nínú rẹ̀. Mo ń sọ pé ìṣirò ló kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àánú tẹ̀ lé e. Ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn, torí láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n tún ń kọ́ sí i.

Kọ́lékọ́lé

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tó ń yàwòrán ilé kún un. Heino Schmieden àti Julius Boethke ni wọ́n ya àwọn ilé àkọ́kọ́. Bí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé ojú irin ọkọ̀ gba àárín kọjá, títì kan sì dábùú rẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ fi pín sí mẹ́rin. Àwọn tí ikọ́ wọn ń ràn wà lápá àríwá ojú irin. Àwọn tí àìsàn wọn kì í ràn wà lápá gúúsù. Títì ló pààlà sáàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ìbẹ̀rù àrùn fa ìlà kan, ìbẹ̀rù ohun tí ọkùnrin àti obìnrin lè ṣe nínú igbó fa ìlà kejì.

Nísinsin yìí, ẹ wo ibi tí àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí. Gúúsù ni. Ní ilẹ̀ wọn, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lójú ọ̀run látàárọ̀ dalẹ́, pàápàá nígbà òtútù tí kì í gòkè púpọ̀. Igbó páìnì tó yí wọn ká ń gba afẹ́fẹ́ líle lójú wọn. Kò sí ohun tó ṣèèṣì níbẹ̀. Kódà ilé iṣẹ́ iná wọn, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Jámánì tó ń lo ooru kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ooru tó ti yí ẹ̀rọ iná tán kì í bá afẹ́fẹ́ lọ, wọ́n ń gbà á sínú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ máa mú wọ́ọ̀dù gbóná. Ó ṣì dúró, wọ́n ti tún un ṣe fún àwọn tó bá fẹ́ wò ó. Alárìnká, bí o bá lọ tí o kò wo ibẹ̀, ọbẹ̀ lo jẹ, o fi ẹran sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo ayé rò pé ahoro ni ibẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n ti tún àwọn ilé kan ṣe. Ọsibítù gidi ṣì wà níbẹ̀ lónìí tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ àti iṣan, àwọn èèyàn sì ń gbé nínú àwọn ilé tuntun.

Onítọ́ọ̀ṣì

Ẹ má bínú, ẹ ti sọ ibẹ̀ di ilé ìwé. 2009 ni mo kọ́kọ́ wọ Beelitz. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí afinimọ̀nà, kò sí afárá kankan lókè igi. Fèrèsé tó fọ́ ni ilẹ̀kùn mi. Mo dá wà ní kọ́rídọ̀ kan tí n kò rí òpin rẹ̀, ọ̀dà ògiri ń bó wálẹ̀ bí awọ ejò, lẹ́tà èdè Rọ́ṣíà wà lára ògiri. Mo wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó nílẹ̀. Ẹ ò lè ra ìyẹn. Nísinsin yìí wọ́n ti fi ọgbà yí i ká, wọ́n ń ta kọfí lẹ́nu ọ̀nà. Bí afinimọ̀nà bá ń fọhùn létí yín, kí lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ilé náà?

Alábòójútó

Mo ti yọ ìlà kan kúrò nínú èsì Onítọ́ọ̀ṣì, èyí tó júwe ọ̀nà àtiwọlé. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Sọ́jà Fẹ̀yìntì

Onítọ́ọ̀ṣì, bí àbúrò ni mo ṣe fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Ilé oníle ni. Àìsí olùgbé kò sọ ọ́ di ilé ẹni tó ní tọ́ọ̀ṣì. Yàrá iṣẹ́ abẹ tí o lọ jókòó sí yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ àwọn kan, tí wọ́n sì gbé e jáde.

Kọ́lékọ́lé

Kí a fi ti ìwà sílẹ̀ ná, ti ara ńkọ́? Àjà onípákó tí òjò ti ń rọ̀ sí fún ogún ọdún kì í kọ lẹ́tà kó tó já. Òkè rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ ti jẹrà. Irin tó wà nínú kọnkéré, bí ó bá dípata, á wú, á sì fọ́ kọnkéré náà látinú wá. Ọ̀dà ògiri àtijọ́ máa ń ní òjé nínú. Ní ti asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n wé mọ́ páìpù nínú ọ̀pọ̀ ọsibítù irú èyí, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ fà á símú títí ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún á fi kọjá. Ẹni tó ń rìn níbẹ̀ lóru tó ń bẹ̀rù iwin, iwin kọ́ ló yẹ kó máa wò. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Onítọ́ọ̀ṣì

Ó dáa, ẹ ti kó mi sí kòtò, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Kì í ṣe Beelitz o, ọsibítù ológun mìíràn ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àjà kejì ni mo wà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni a jọ lọ, òun wà nísàlẹ̀ tó ń ya fọ́tò. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dúró. Mo gbé ti òsì, ó wọlẹ̀ dé itan. N kò jábọ́, torí igi kan há mi ní itan, ṣùgbọ́n ìṣó tó wà lára rẹ̀ fà mí ní ara ya láti orúnkún lọ sókè. N kò lè kígbe, n kò fẹ́ kí gáàdì gbọ́. Ẹ wò ó bí èèyàn ti ń ya òmùgọ̀: ẹsẹ̀ mi ń fì nínú afẹ́fẹ́, mo ń ro ti gáàdì! Ọ̀rẹ́ mi rí bàtà mi tó yọ ní àjà lókè orí rẹ̀, òun náà kọ́kọ́ rò pé iwin ni, ó sá. Ìṣẹ́jú mélòó kan kọjá kó tó padà wá fà mí jáde.

Ewé Ìyeyè, iwin tìẹ nìyẹn. Èmi ni.

Láti ọjọ́ náà n kò wọ ibi tí wọn kò fún mi láyè mọ́. Ṣùgbọ́n n óò ṣì sọ ohun kan fún yín, Bàbá: àwọn tó ń ya fọ́tò kọ́ ló ba Beelitz jẹ́. Ní 2001 ni iléeṣẹ́ tó fẹ́ tún un ṣe wọ gbèsè, ó kógbá sílé. Àárín ìgbà náà ni àwọn tó ń jí bàbà àti wáyà wọlé. Wọ́n tú ẹnu omi, wọ́n fọ́ ògiri yọ páìpù. Bí wọ́n bá ti yọ páìpù òjò lára òrùlé, inú ilé ni omi ń gbà lọ. Olè páìpù kan ń ba ilé jẹ́ ju ọgọ́rùn-ún èmi lọ.

Kọ́lékọ́lé

Òótọ́ nìyẹn. Omi ni ọ̀tá. Mo bá ọ gbà á níbẹ̀.

Tolú Southampton

Ẹ ti mú mi rántí tiwa níbí. Ọ̀rọ̀ oòrùn tí Kọ́lékọ́lé sọ yẹn ló mú mi wá. Ní Netley, létí omi Southampton, wọ́n kọ́ ọsibítù kan fún àwọn sọ́jà Bìrìtìkó lẹ́yìn ogun Crimea. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1856, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross kan sábẹ́ rẹ̀. Ilé náà gùn ju mítà 400 lọ. Ẹyọ ilé kan o! Wọ́n ní nígbà ogun Hítílà, àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà ń wa jíìpù nínú kọ́rídọ̀ rẹ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ nìyí. Kọ́rídọ̀ ni wọ́n kọjú sí omi àti oòrùn ọ̀sán, kí ọkọ̀ ojú omi tó bá ń kọjá lè máa wo ẹwà rẹ̀. Wọ́n wá kó àwọn aláìsàn sẹ́yìn, níbi tí òjìji wà. Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ogun náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé, ó rí àwòrán ilé náà, orí rẹ̀ gbóná. Ó lọ bá olórí ìjọba, Palmerston, ó ní ilé yìí á pa èèyàn. Palmerston gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti lọ jìnnà, owó ti wọlẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ parí, wọ́n sì ṣí i ní 1863.

Nǹkan rere náà jáde níbẹ̀ o. Ibẹ̀ ni Almroth Wright ti ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà jẹ̀funjẹ̀fun ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Ní ogun 1914, tí àwọn sọ́jà ń dé tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ohùn wọn ti lọ, láìsí ojú ọgbẹ́ kankan lára wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló gba Netley kọjá. Iná sun apá kan rẹ̀ ní 1963, wọ́n wó o ní 1966. Ìgbà yẹn ni wọ́n hú òkúta Ọbabìnrin jáde, tí wọ́n bá àmì ẹ̀yẹ náà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìjọsìn tó wà láàárín nìkan ló kù. Àwọn ọmọ mi ń gba bọ́ọ̀lù lórí koríko ibi tí wọ́ọ̀dù wà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Tolú, ó ṣeun o. Àwa tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa nípa Nightingale, àtùpà tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́ọ̀dù tí fèrèsé wà lápá méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín bẹ́ẹ̀dì kọjá, ohun tó ń jà fún nìyẹn. Ó pàdánù ní Netley. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọsibítù ológun Herbert ní Woolwich, tí wọ́n ṣí ní 1865, èrò tirẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tí Beelitz fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà: aláìsàn ló ń gba oòrùn, kọ́rídọ̀ bọ́ sẹ́yìn.

Ọmọ Oníròyìn

Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti bá mi wí lórí Hitler, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé lóòótọ́ ni pé olórí Jámánì Ìlà Oòrùn sá pamọ́ síbẹ̀?

Alárìnká

Èyí tòótọ́, àbúrò, o gbà á. Erich Honecker ni. Wọ́n yọ ọ́ ní oṣù kẹwàá 1989, ògiri tó pín Berlin sí méjì wó ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 1990, kò ní ilé tí yóò sùn. Pásítọ̀ kan, Uwe Holmer, ló gba òun àti Margot ìyàwó rẹ̀ sílé ní Lobetal. Ìjọba Honecker kan náà ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ pásítọ̀ yìí ráyè kàwé síwájú nítorí ẹ̀sìn bàbá wọn. Oṣù kẹrin 1990 ni wọ́n wá kó lọ sí Beelitz, lọ́dọ̀ àwọn sọ́jà Sófíẹ́tì. Ara rẹ̀ kò sì yá lóòótọ́.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n mú un lórí àwọn tí wọ́n yìnbọn pa níbi ògiri. Ọlọ́pàá Jámánì dé ẹnu ọ̀nà, wọn kò lè wọlé, torí abẹ́ àṣẹ ológun Sófíẹ́tì ni ilẹ̀ yẹn wà. Ní oṣù kẹta 1991, àwọn Sófíẹ́tì fi bàálù gbé e lọ sí Moscow, Jámánì kàn gbọ́ ni.

Nígbà tí mo ń rìn níbẹ̀, òun ni mo ń rò. Ọkùnrin tó kọ́ ògiri yí ìdajì ìlú ká, tó wá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ògiri ẹlòmíràn, tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ṣí i.

Ewé Ìyeyè, n kò gbàgbé ìbéèrè rẹ. N kò rí iwin. Àwọn tó ń sọ ìtàn iwin Beelitz lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní 1991, apànìyàn kan pa ìyàwó dókítà Sófíẹ́tì kan àti ọmọ rẹ̀ jòjòló nínú igbó tó yí ọsibítù náà ká. Wọ́n mú un ní ọdún náà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kì í bá wọn ṣeré iwin níbẹ̀ mọ́.

Ewé Ìyeyè

Ah. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. N kò mọ̀.

Ayọ̀ká

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kà yín láìsọ̀rọ̀. Màmá mi ń bọ̀ wá kí mi ní Leipzig. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe wọ́n nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge, wọ́n lo oògùn fún odidi oṣù mẹ́fà, wọ́n yè é. Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Àgbà sí wọn létí lórí fóònù lálẹ́ àná. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, «Ṣé bùláńkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n fún wọn?» Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ni wọ́n ń lò bí ọ̀nà bá jìn. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ bá mi kí Màmá. Oṣù mẹ́fà láìfo ọjọ́ kan kì í ṣe kékeré, akíkanjú ni wọ́n.

Alárìnká

Ayọ̀ká, ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà tó ń gbé èèyàn dé orí afárá, afárá náà kò sì ní àtẹ̀gùn, kẹ̀kẹ́ á yí lórí rẹ̀. Ẹ óò rí Alpenhaus láti òkè. Ẹ mú aṣọ òtútù, atẹ́gùn òkè yẹn kì í ṣeré. Inú àwọn ilé ni n kò lè ṣèlérí, torí àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ béèrè irú ilé tí wọ́n máa mú yín wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí Màmá fọwọ́ rá igun ògiri.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi, n óò dúró dè yín níbi tí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. N kò tíì wo ilé iṣẹ́ iná yẹn, Kọ́lékọ́lé ti dá mi lẹ́bi. Ìyàwó mi ní bí ó bá jẹ́ ti Màmá ni, òun náà ń bọ̀.